Ta ló ń jẹ́ ayàwòrán ilé? Ọ̀rọ̀ Demas Nwoko àti yàrá ìkàwé wa ní Yábà

Àǹtí Níkẹ̀ẹ́ Yábà, Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Yíya àwòrán ilé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìhà Yábà níbí, ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Lónìí, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, oòrùn ti na páànù orí wa dáadáa, àwọn ọmọ ti sọ ìwé di abẹ̀bẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí kì í sábà sọ̀rọ̀, na ọwọ́ sókè. Mo rò pé ó fẹ́ lọ mu omi ni. Ó ní, "Àǹtí, ẹni tó ya àwòrán yàrá yìí, ṣé ó ti jókòó sínú ẹ̀ rí?"

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo wo òkè. Síílìn ti já ní igun méjì. Ihò afẹ́fẹ́ tó wà lókè ògiri, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì dí i nítorí ẹyẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni fèrèsé wà. Ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé wà, ibi tó máa gbà jáde ni kò sí.

Ìyẹn ló mú mi sọ ìtàn Demas Nwoko fún wọn. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbí náà, torí ìbéèrè kan tẹ̀ lé e tí mi ò tíì dáhùn tán.

Ọdún 1935 ni wọ́n bí bàbá náà ní Idumuje-Ugboko, ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Ọmọ ọba ni. Kó tó lọ sílé ìwé gíga, ó ti bá PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde, ya àwòrán n'Ìbàdàn. Nígbà tó máa gba Zaria lọ ní 1957, iṣẹ́ ilé yíyà ló wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé bí èèyàn ṣe ń fa ìlà kó gún ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ jù, kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń ronú ohun tuntun. Ló bá yan ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Ibẹ̀ lòun àti Uche Okeke, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo ọmọ Èkó wa níbí àti àwọn mìíràn ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1958. Wọ́n ní àwọn ò ní sọ ti ilé nù, àwọn ò sì ní kọ ohun tó bá wúlò láti òkèèrè. Àwọn á pò ó pọ̀ kó di tàwọn. Nígbà òmìnira ní 1960, òun àti Uche Okeke wà lára àwọn tó ya àwòrán sára ògiri níbi àfihàn ńlá tí ìjọba ṣe ní Victoria Island. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó lọ sí Faransé, ó lọ kọ́ ètò orí ìtàgé àti bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán sára ògiri tí rírẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Ní 1963 ó di olùkọ́ ní ẹ̀ka eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ ló wà títí di 1978.

Kò gba ìwé ẹ̀rí ayàwòrán ilé kankan. Síbẹ̀ ó kọ́ ibùdó iṣẹ́ tirẹ̀ sórí òkè Mọ́kọ́lá, ó kọ́ ilé ìsìn àwọn àlùfáà Dominican n'Ìbàdàn, ó kọ́ gbọ̀ngàn àṣà Ọba Akenzua ní Bìní. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ní Venice nílẹ̀ Ítálì, wọ́n gbé ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà fún un níbi àfihàn ilé kíkọ́ àgbáyé, fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ọmọ yẹn tún béèrè pé, "Ṣé ayàwòrán ilé wá ni, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ti ronú bí èèyàn ṣe máa jókòó, bó ṣe máa sùn, bó ṣe máa mí nínú ilé kó tó fa ìlà àkọ́kọ́, ayàwòrán ilé ni. Àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ ilé gan-an. Ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Bíríkìlà Ìdí-Orò, Ọjọ́ Ajé, 9:03 alẹ́

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí torí ojú mi. Ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ bíríkìlà. Mo ti kọ́ ilé ní Ìsọlọ̀, ní Ẹ̀jìgbò, ní Ìkòtún, mo ti kọ́ ọ dé Lekki. Gbogbo ibi tí mo lọ, àwòrán kan náà ni wọ́n ń gbé fún mi: yàrá onígun mẹ́rin, búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́fà, páànù, síílìn, ó tán. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ibo ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá.

Ilé bàbá bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé amọ̀ ni. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ àgbàlagbà. Bó o bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, bí ẹni wọ abẹ́ ìrókò ni. Nígbà tí àbúrò bàbá mi rówó, wọ́n wó o, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Ìyá àgbà kò sùn nínú yàrá tuntun yẹn rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹní ni wọ́n ń tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Èmi gan-an ni mo to búlọ́ọ̀kù ilé yẹn, ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà náà, inú mi sì ń dùn pé mo kọ́lé fún ìyá wa. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ẹ sọ fún mi, kí ni Nwoko yìí fi kọ́ ilé tirẹ̀?

Túndé Ògùdù, Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Bàbá, ẹ kú alẹ́ sà. Ilẹ̀ pupa ni. Ilẹ̀ pupa tí a ń rọ́ dí ìpìlẹ̀ bí ohun tí kò níyì, òun ló ń po mọ́ sìmẹ́ǹtì, tó fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù, tó sì fi ògiri sílẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ máa hàn. Kò sì yà mí lẹ́nu, torí ọ̀rọ̀ amọ̀ ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Kó tó di pé ó ń kọ́ ilé ńlá, ó ti ń mọ ère amọ̀, ó ń wá bí àwọn ará Nok ìgbà láéláé ṣe ń sun tiwọn, ó ń dán an wò fúnra rẹ̀ nínú iná.

Ìbàdàn ni mo ti kàwé. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń lọ síbi Máàsì ní ilé ìsìn Dominican yẹn, mo bá a lọ lọ́jọ́ Àìkú kan láìmọ̀ pé ilé náà lórúkọ. Oṣù Kejì ni, ooru Ìbàdàn tí ẹ mọ̀ yẹn. A wọlé, mo gbàgbé pé mo ń làágùn. Òpó igi tí wọ́n fín ló yí wa ká, mo sì ń wo òpó dípò kí n máa gbọ́ ìwàásù. Nígbà tí wọ́n parí, mo lọ fọwọ́ kan ọ̀kan. Mo rí i pé ọwọ́ èèyàn ló fín in, kì í ṣe ẹ̀rọ, torí ọnà apá ọ̀tún kò bá ti apá òsì mu délẹ̀délẹ̀. Òkè pẹpẹ ni òrùlé ga sí jù, ojú ẹ á ṣáà máa tẹ̀ lé e lọ sókè. Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ni mo tó mọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ń rò pé kí ló pa eré ìtàgé pọ̀ mọ́ ilé kíkọ́: nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, tí wọ́n ṣe eré Ọ̀mùtí, Nwoko ló ṣètò orí ìtàgé fún wọn. Ẹni tó ti ní láti kọ́ igbó iwin, ilé àti ọ̀nà ìrìn-àjò sórí pákó kékeré kan, kí òṣèré rí ibi gbà, kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sójú ẹni tó yẹ, iṣẹ́ ilé ló ti ń ṣe yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ sì wà níbẹ̀, wọ́n ń gbé igi, wọ́n ń kun aṣọ.

Ẹnjiníà Súrùlérè, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:21 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, mi ò sì lè dákẹ́. Ìlú wo là ń gbé? Èkó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí iléèwé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fáàjì. Mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Báàgì ọmọdé kan ni mo kọ́kọ́ rí láàárín àwókù, abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, wó lulẹ̀. Ẹ̀mí tó lé ní ogójì ló bá a lọ.

Láti 1969 ni òfin ti gbé ARCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀, kalẹ̀, pé ẹni tí wọn kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ayàwòrán ilé. Kì í ṣe torí ìgbéraga. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ fún àwọn ọmọ girama pé ẹnì kan kọ́ ilé láìní ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì fi wúrà dá a lọ́lá, kí ni lánlọ́ọ̀dù tó fẹ́ ṣọ́ owó ẹnjiníà jẹ máa gbọ́ nínú rẹ̀?

Àǹtí Níkẹ̀ẹ́ Yábà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:50 ọ̀sán

Ẹnjiníà, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ báàgì yẹn wọ̀ mí lára, mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Mi ò ní sọ fún ọmọ kankan pé kó má lọ kàwé, mi ò sì ní sọ fún lánlọ́ọ̀dù pé kó fo ẹnjiníà. Ohun tí mo rí lára bàbá Nwoko yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sá fún òfin. Ẹlòmíì ní ìwé ẹ̀rí, á fọwọ́ sí àwòrán, wọn ò sì ní rí i níbi iṣẹ́ títí wọ́n á fi ṣílé. Nwoko kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyẹn. Gbọ̀ngàn Bìní tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1972, 1995 ló tó parí. Àwọn bíríkìlà àti kápẹ́ńtà tó ń bá a ṣiṣẹ́, òun ló ń fi ohun tó fẹ́ hàn wọ́n, torí kò sí ibòmíì tí wọ́n ti lè kọ́ ọ. Ìyẹn ni mo ṣe pè é ní olùkọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ó kọ́ ọmọ ní yunifásítì, ó tún kọ́ àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì.

Ẹ tún wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zaria. Yusuf Grillo darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba Tech fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí yìí. Bruce Onobrakpeya kọ́ ọmọ ní St. Gregory's, Ọbáléndé, láti 1963. Uche Okeke kọ́ wọn ní Nsukka. Gbogbo wọn ló di tíṣà! Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, ó máa ń wú mi lórí.

Ọmọ Pópó Àgùdà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mọ́sálásí Shitta-Bey tó wà ní Martins Street, tí wọ́n ṣí ní 1894, ta ló kọ́ ọ? João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé. Ọmọ Yorùbá kan, Sanusi Aka, ló bá a ṣiṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí wo ni wọ́n ní? Ọwọ́ wọn ni. Ọ̀gá kọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ gba fírídọ̀mù, òun náà kọ́ ẹlòmíì. Ilé wọn ṣì dúró níbi tí wọn ò bá ti fọwọ́ ara wa wó o. Mo ní bí a ò bá fọwọ́ ara wa wó o, torí Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú, tí ìjọba ti kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, katakata ni wọ́n fi wó o ní 2016. Mo dúró lódìkejì títì lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ń ṣa irin fèrèsé sínú ọmọlanke.

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, mi ò bá yín jiyàn lórí òfin. Nǹkan kan ni mo fẹ́ fi kún un. John Godwin àti Gillian Hopwood, tọkọtaya ayàwòrán ilé tó dé Èkó ní 1954, àwọn tó ya Bookshop House ní Broad Street tí gbogbo wa mọ̀. Ìwé ẹ̀rí wọn pé pérépéré. Àwọn ló jókòó kọ odindi ìwé lórí iṣẹ́ Nwoko ní 2007. Bí ẹni tó kàwé gboyè nídìí iṣẹ́ bá lè lọ jókòó kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bàá ẹni tí kò gboyè, àríyànjiyàn wa kò le tó bí a ṣe rò.

Ìyá Ìbejì Ayọ̀bọ́, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ ràn mí lọ́wọ́. A ní àbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Ayọ̀bọ́, ìpìlẹ̀ ni a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Látìgbà tí mo ti ka ohun tí bàbá kọ nípa ìyá àgbà tó ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń ronú. Yàrá kan ní Mushin la háyà báyìí. Bí NEPA bá mú iná lọ, àwọn ìbejì mi á bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀, wọ́n á fi ikùn lélẹ̀ kí wọ́n lè rí oorun sùn. Owó éásíì kò sí, owó epo jẹnẹrétọ̀ kò sí. Ṣé tálákà lè rí irú ilé yẹn kọ́? Ọkọ mi ní bí a bá kọ́ ilé amọ̀ àwọn ará ilé òun á fi òun ṣe ẹlẹ́yà.

Bàbá Bíríkìlà Ìdí-Orò, Ọjọ́rú, 5:48 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ má sunkún. Ẹ gbọ́ mi.

Ilẹ̀ pupa tí a ń wí yìí kì í ṣe ilé alámọ̀ tí òjò ń fọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ pupa ló gbà á. Ẹ kọ́kọ́ wa èyí tó dúdú lókè kúrò, èyí tí gbòǹgbò koríko wà nínú rẹ̀, títí ẹ ó fi kan pupa. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò olójú gbangba, ẹ bu omi lé e, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á lọ sísàlẹ̀, amọ̀ á gúnlẹ̀ sórí rẹ̀. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, búlọ́ọ̀kù á sán bó bá ń gbẹ. Bó bá jẹ́ yanrìn lásán, kò ní di ara mú.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ yín. Héèdì páànù sìmẹ́ǹtì kan sí ilẹ̀ pupa mẹ́wàá tàbí méjìlá. Ní gbígbẹ ni kí ẹ ti pò ó kó jọra. Kí ẹ wá máa wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọ́n omi sí gàrí tí kò fẹ́ kó di ẹ̀bà. Ẹ bu ìkúnwọ́ kan, ẹ fún un kó ṣù, ẹ na ọwọ́ síwájú ní ìbàdí, kí ẹ jẹ́ kó bọ́. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ti tó. Bó bá tú ká bí èlùbọ́, omi kò tó. Bó bá lẹ̀ pẹ̀tẹ̀ mọ́lẹ̀, omi ti pọ̀ jù. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi ní èyí ní 1986, mi ò sì lò ó mọ́ látìgbà tí mo ti wọ Èkó, torí kò sẹ́ni tó ní kí n lò ó.

Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ má sá a sóòrùn. Abẹ́ òjìji ni. Ẹ bò ó, kí ẹ máa bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ìwòyí, ọjọ́ kẹta wọ́n ti fẹ́ tò ó. Ẹ má gbà fún wọn. Kí ìpìlẹ̀ yín jẹ́ kọ́ńkéré tó ga kúrò nílẹ̀, kí òrùlé yọ síta dáadáa kí òjò má máa na ògiri.

Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé èmi tí mo to búlọ́ọ̀kù fún àwọn olówó, mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kígbe ooru nínú ilé wọn.

Ẹnjiníà Súrùlérè, Ọjọ́rú, 1:30 ọ̀sán

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ìdánwò ìgò àti ìdánwò ìṣù yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí, mi ò lè sọ ọ́ kó yéni tó báyẹn.

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Àbọ̀ pulọ́ọ̀tì yín, bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 60, ẹ ó kọ́kọ́ yọ ààyè tí òfin ní kí ẹ fi yí ilé ká. Èyí tó kù kò pọ̀, àmọ́ ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ná an. Wọ́n á la ọ̀nà tóóró kan já àárín ilé, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, òkùnkùn biribiri, iná ni wọ́n ń tàn níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀nà tóóró yẹn ni kí ẹ yí padà. Ẹ fẹ̀ ẹ́ láàárín, ẹ ṣí òkè rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé síbẹ̀. Àkọdì nìyẹn. Àwọn baba wa ní in káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ará Bìní náà ní in, ibẹ̀ ni Nwoko sì ti mú un fún àwọn ilé tirẹ̀: òjò á rọ̀ sínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, ooru á gba òkè lọ.

Atẹ́gùn Èkó, láti òkun ló ti ń wá jù, gúúsù sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ ṣí fèrèsé ìta síhà ibẹ̀, kí ihò afẹ́fẹ́ tó dojú kọ àkọdì sì ga ju fèrèsé lọ, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná òkè ló ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí ògiri gígùn ilé kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Ìyẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀fọn, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Olè, ẹ fi irin dábùú ojú àkọdì lókè. Omi òjò ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Kí ilẹ̀ àkọdì rẹlẹ̀ ju ti yàrá lọ, kí páìpù tó ń gbé omi jáde tóbi, kí ẹ máa yọ ewé kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá dí lóṣù Kẹfà, omi á wọ pálọ̀.

Kí ẹ tó tẹ́ bíríkì kan, ẹ mú àwòrán lọ gba ìwé àṣẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, mọ̀ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní yẹ̀ lórí ìyẹn. Èmi fúnra mi á wo ti pílà àti ìpìlẹ̀ yín, mi ò ní gba owó.

Ìyá Ìbejì Ayọ̀bọ́, Ọjọ́rú, 1:44 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétí ọkọ mi. Ó dákẹ́. Nígbà tó yá ó ní ilé ìyá ìyá òun ní Ìsẹ́yìn ní àkọdì, abẹ́ ìkòkò omi òjò tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ òun ní ìrìn.

Akin Ìgànmú, Ọjọ́rú, 9:26 alẹ́

Ibi iṣẹ́ mi kọjú sí gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá tí ìjọba kọ́ de FESTAC 77, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú. Gbọ̀ngàn kan ní Varna, nílẹ̀ Bulgaria, ni wọ́n wò, wọ́n kọ́ irú rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ sórí ilẹ̀ àbàtà Ìgànmú, wọ́n parí rẹ̀ ní 1976. Mo fẹ́ràn ilé yẹn tọkàntọkàn, ibẹ̀ ni bàbá mi ti mú mi lọ wo eré fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ọdún yẹn gan-an, ẹnì kan wà ní Bìní tó ń kọ́ ilé ìṣeré láti inú bí àwa ṣe ń wòran. Àwa kì í jókòó jẹ́ẹ́ sínú òkùnkùn ká máa wo iwájú nìkan. A máa ń yí òṣèré ká, a máa ń gba orin lẹ́nu rẹ̀, ọmọdé á sá gba àárín kọjá, ìyá kan á bọ́ síta ná an lówó. Ẹni tó mọ èyí kò rí owó parí ilé rẹ̀ fún ogún ọdún ó lé. Inú mi bàjẹ́ sí i, mi ò fẹ́ parọ́.

Túndé Ògùdù, Ọjọ́rú, 9:51 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Akin, òkè Mọ́kọ́lá tí Àǹtí dárúkọ yẹn, ibi ìṣeré ìta gbangba wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Èrò rẹ̀ ni kí àwọn ọ̀dọ́ máa wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ijó, eré àti iṣẹ́ ọnà lábẹ́ òrùlé kan. Ó tún ń tẹ ìwé ìròyìn iṣẹ́ ọnà jáde níbẹ̀ lápá ìparí àwọn ọdún 1970.

Àǹtí Níkẹ̀ẹ́ Yábà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:05 àárọ̀

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà. Mo fẹ́ ní nǹkan kan lọ́wọ́ kí n tó kọ̀wé.

Lọ́jọ́bọ̀ mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú òwú ìránṣọ wá. A so òwú mọ́ orí igi ìwọ̀n, wọ́n pín ara wọn sí igun yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbé igi sókè. Lẹ́bàá fèrèsé òwú mì díẹ̀. Láàárín yàrá, ó dúró ṣinṣin bí ẹni pé wọ́n fi òkúta so ó mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n fi àmì ọfà ya ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà àti ibi tí kò dé.

Mo gbé àwòrán wọn lọ bá ọ̀gá iléèwé wa. Ó wò ó pẹ́. Ó pe kápẹ́ńtà wa, ó ní kó gbẹ́ sìmẹ́ǹtì ihò mẹ́fà tó wà lókè ògiri ẹ̀yìn, kó fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bò wọ́n kí ẹyẹ má wọlé. Lánàá ló parí rẹ̀. Ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé gun orí àga, ó na igi rẹ̀ sókè lábẹ́ ihò kẹta. Òwú náà kọ́kọ́ dúró. Lójijì ló tẹ̀, ó na ara rẹ̀ síhà ihò, ó ń gbọ̀n. Gbogbo kíláàsì hó yè. Ọmọ náà kò hó, ó kàn ń wo òwú.

Ooru kò tán o, páànù ṣì wà lórí wa. Ṣùgbọ́n lánàá, ní aago kan, mo ka abẹ̀bẹ̀ ìwé, mẹ́rin péré ni mo rí.

Mo ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀ báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ayàwòrán ilé ni bàbá Nwoko. Mo tún ní kó lọ kàwé gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, kó bá a lè bi ẹnikẹ́ni ní irú ìbéèrè tó bi mí, kí wọ́n má sì rí i lé jáde. Ẹnjiníà, mo rò pé ẹ ó fara mọ́ ọn.

Bàbá Bíríkìlà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Ṣé ẹ lè wá fi bí wọ́n ṣe ń tẹ búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa han àwọn ọmọ yìí? A ní ààyè lẹ́yìn kíláàsì, igi máńgòrò sì wà níbẹ̀ fún òjìji.

Ẹnjiníà Súrùlérè, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:31 àárọ̀

Mo fara mọ́ ọn. Àwòrán òwú yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù.

Bàbá Bíríkìlà Ìdí-Orò, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:17 ìrọ̀lẹ́

Olùkọ́, mo ń bọ̀. Mọ́ọ̀dù igi méjì tí ọ̀gá mi fi sílẹ̀ fún mi wà lókè àjà, mo ti sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lónìí, ikán kò kàn wọ́n. Ọmọ ìyá mi kan ń wa típà láti Ìkòròdú, á já ilẹ̀ pupa díẹ̀ sílẹ̀ fún wa lálẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí olúkúlùkù mú ìgò olójú gbangba wá, kí wọ́n sì wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, màá ti wà lẹ́nu géètì.